Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan ní Libreville

Bí ara ọmọ bá gbóná ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀: "Ibà ni." Ibà ni a ń pe èyí tí ẹ̀fọn fà, ibà náà ni a ń pe èyí tí omi àìmọ́ fà, ibà kan náà ni a sì ń pe èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ibà kò jọra, nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ibà pọ́njú ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó mú kí a rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ àwọn ọmọ wa, gbọ́ nípa iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ Áfíríkà bí tiwa ń ṣe ní Libreville, olú ìlú Gabon.

Ìlú náà wà ní etí òkun, ní apá àríwá díẹ̀ sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Ìlú Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun Elizia ni a fi tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1849. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Gabon gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ 45 péré ṣáájú tiwa. Ilẹ̀ igbó àti òjò ni, ẹ̀fọn sì fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970 ni Gabon bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn oníṣègùn tirẹ̀ ní Libreville. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ Gabon tí ó bá fẹ́ di dókítà ní láti ré ààlà ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 2002, a sọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà di yunifásítì tí ó dá dúró fúnra rẹ̀, Université des Sciences de la Santé, ní Owendo lẹ́bàá Libreville. Àwa tí a mọ ìtàn Ìbàdàn, tí a mọ bí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, tí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ sì ṣí ìlẹ̀kùn ní 1957, kò ṣòro fún wa láti mọ ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún orílẹ̀-èdè kan.

Ẹ̀ka kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí àwọn kòkòrò tí ń gbé inú ara ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maryvonne Kombila ni ó ṣe olórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Marielle Bouyou-Akotet àti Denise Mawili-Mboumba wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Obìnrin ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹni tí ó bá ń wí pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò yẹ ọmọbìnrin fi èyí ro ara rẹ̀ wò.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọn? Wọn a gún ọmọ ìka aláìsàn díẹ̀, wọn a gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí dígí pẹlẹbẹ, wọn a sì da aró kan sí i kí kòkòrò àìrí náà lè hàn kedere. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí àwọn dókítà ń pè ní maikirosíkóòpù, wọn a sì máa ka iye kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Gabon fúnra rẹ̀ ni a fi sọ orúkọ ọ̀nà kan tí a ń gbà kà á: ọ̀nà Lambaréné ni a ń pè é, nínú èyí tí a ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà gan-an, tí a sì ń tẹ́ ẹ sí àyè tí a ti wọ̀n sílẹ̀ lórí dígí. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nígbà tí dókítà ológun Faransé kan, Laveran, rí i ní ìlú Constantine ní ilẹ̀ Algeria ní 1880.

Iṣẹ́ kíkà yìí kò ní ariwo, kò sì ní ìlù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó bí. Ní ilé ìwòsàn ńlá Libreville, a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ara wọn gbóná wò láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún 2000, nínú 100 tí a yẹ̀ wò, bí 45 ni a bá kòkòrò ibà ẹ̀fọn lára wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2008, iye náà ti lọ sílẹ̀ sí 15. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni ìjọba Gabon pa chloroquine tì, èyí tí kò ran àrùn náà mọ́, tí ó sì fi àdàpọ̀ egbòogi artemisinin rọ́pò rẹ̀. A pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún ará ìlú, a sì ń fún àwọn aboyún ní egbòogi ìdènà.

Ẹ fi ọkàn bá wa lọ níhìn-ín. Bí 15 péré nínú 100 ọmọ tí ara wọn gbóná ni ó ní ibà ẹ̀fọn, kí ni ó ń ṣe àwọn 85 yòókù? Àrùn mìíràn ni. Bí ìyá wọn bá ra egbòogi ibà ẹ̀fọn fún gbogbo wọn, owó rẹ̀ ṣègbé, egbòogi ṣòfò, àrùn tí ó ń ṣe ọmọ ní tòótọ́ sì ń rìn lọ nínú ara rẹ̀ láìsí ẹni tí ó dá a dúró. Ìgbà tí àìsàn kan ń dínkù gan-an ni ó burú jùlọ láti máa fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo àìsàn.

Ayọ̀ náà kò sì pẹ́. Nínú ìwádìí tí Mawili-Mboumba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013, ó hàn pé ibà ẹ̀fọn tún ti ń gòkè ní oríṣiríṣi agbègbè Gabon, àti pé ọjọ́ orí àwọn tí ó ń mú ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọjá ọdún márùn-ún, tí a rò pé wọ́n ti bọ́, wà nínú ewu pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ara ọmọ a máa kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò yìí jà díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti ń pàdé rẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí ẹ̀fọn kò bá bù ú jẹ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò kọ́ ìjà náà dáadáa. Bí àrùn bá sì padà dé, ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò bá a pàdé bí àlejò. Nítorí náà, ìlú tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́gun kò gbọdọ̀ sinmi ní ìdajì ọ̀nà. Ta ni ì bá sọ èyí fún Gabon bí kò bá sí àwọn tí ó jókòó ti awò wọn, tí wọ́n ń kà, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Libreville kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní Lambaréné, létí odò Ogooué, níbi tí Albert Schweitzer ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1913, ilé ìwádìí kan wà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi 11, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 7, tí a ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára RTS,S wò láti 2009 títí di 2014. Ọmọ 15,459 ni ó kópa nínú rẹ̀ ní gbogbo ibi wọ̀nyí. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé kí a máa lò ó. Ní Franceville ẹ̀wẹ̀, ní ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní 1979, Benjamin Ollomo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú kòkòrò ibà titun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìnàkí, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ wọn sọ ọ́ ní 2009: Plasmodium gaboni. Ní ọdún kejì rẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn fi hàn pé ara gòrílà inú igbó Áfíríkà ni èyí tí ó burú jùlọ nínú kòkòrò ibà ti wá bá ènìyàn.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ní ọdún 2023, bí ènìyàn 597,000 ni ibà ẹ̀fọn pa ní gbogbo àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ìṣírò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ẹni mẹ́wàá tí ó sì kú, bí mẹ́ta jẹ́ ará Nàìjíríà. Àwa náà ní àwọn onímọ̀ tiwa. Ní Ìbàdàn, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayoade Oduola àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akintunde Sowunmi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí bí kòkòrò ibà ti ń di aláìgbọràn sí egbòogi, ní 2005 sì ni Nàìjíríà yí egbòogi padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, a bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ẹ̀fọn ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa.

Àwọn kan yóò wí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti olówó, pé aláìní kò lè dúró dè é. A kò kóyán ọ̀rọ̀ wọn kéré. Ilé àyẹ̀wò kò sí ní gbogbo abúlé, ọmọ tí ara rẹ̀ sì ń jó kò ṣeé fi dúró títí di ọ̀la. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kíákíá ti wà nísinsìnyí, tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó fún, tí èsì rẹ̀ sì máa ń jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 20. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún ni pé kí ó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn kékeré, kí iye rẹ̀ má sì ju agbára ìyá ọlọ́jà lọ.

Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ń lo egbòogi ibà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí ó ń lo ààbọ̀ tí ó sì ń tọ́jú ìyókù, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ń pa lára; kòkòrò tí ó kọ́ láti fara da egbòogi náà yóò wá bá ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí di ọwọ́ yín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa béèrè nílé pé, "Ṣé a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?" Ẹ kọ́ wọn pé kíkà àti kíkọ sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ akọni. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá sì lè ní maikirosíkóòpù kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, fi ojú ara wọn wò ó. Nínú wọn ni àwọn tí yóò ka iye náà fún ilẹ̀ tiwa yóò ti jáde.