Ṣé Wárápá Máa Ń Lọ Pátápátá?

Wárápá wà lára àwọn àrùn tí àwa Yorùbá máa ń fi pamọ́ jù lọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ń gbé ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó a dàrú, àwọn mìíràn kò sì ní fẹ́ bá a jẹun pọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí àrùn náà bá dákẹ́ fún ọdún díẹ̀, ayọ̀ ńlá ni fún ẹbí. Wọn a ní ó ti lọ. Ṣé lóòótọ́ ni ó máa ń lọ? Bí ó bá lọ, ṣé kò lè padà? Ìbéèrè méjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá. Ohun kan tí ó jọ iná mọ̀nàmọ́ná ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ káàkiri ara. Bí iná yìí bá ru sókè lójijì ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni náà lè ṣubú kí ara rẹ̀ gan, tàbí kí ó kàn tẹjú mọ́ ibì kan láìmọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí kò jìnnà sí wa: nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1987, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni ó ní in.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ni pé wárápá lè lọ. Irú kan wà tí ó sábà máa ń gbé ọmọdé lójú oorun. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Irú mìíràn sì wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, tí apá a máa já lójijì láàárọ̀. Oògùn ń kápá èyí dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá dá oògùn náà dúró, ó sábà máa ń padà.

Dídákẹ́ yàtọ̀ sí lílọ. Ní ọdún 2014, àjọ àwọn onímọ̀ nípa wárápá lágbàáyé là á sílẹ̀ pé a lè ka wárápá sí ohun tí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni náà bá ti dàgbà kọjá irú ti ọmọdé, tàbí bí kò bá gbé e fún ọdún 10, tí kò sì lo oògùn rárá ní ọdún 5 tí ó gbẹ̀yìn.

Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Àbúrò mi lo oògùn fún ọdún mẹ́ta láìṣubú lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé ilé ni mo sọ fún un pé ó ti sàn, kí ó yé fi owó ṣòfò. Ó da oògùn nù lọ́jọ́ náà. Oṣù kan kò pé tí ó fi ṣubú lẹ́bàá ààrò. Àpá iná náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan jáde ní 1991 lórí ènìyàn 1,013 tí wárápá kò ti gbé fún ọdún 2, ó kéré tán. Àwọn kan ń lo oògùn lọ. Wọ́n rọra dín ti àwọn yòókù kù títí ó fi tán. Lẹ́yìn ọdún 2 mìíràn, wárápá kò tí ì padà sí ara 78 nínú 100 àwọn tí ó ń lo oògùn lọ. Nínú àwọn tí ó dáwọ́ dúró, 59 nínú 100 ni. Èyí fi hàn pé ó lè padà bí a tilẹ̀ ń lo oògùn, ó sì lè má padà bí a bá dáwọ́ dúró. Dókítà tí ó mọ irú èyí tí ó ń ṣe ẹni náà ni ó yẹ kí ó bá a gbèrò, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da oògùn nù. Bí ó bá padà, ẹ má ṣe sá fún ẹni náà; kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.