Okùn Kì í Purọ́: Ẹ̀kọ́ Ọwọ́ fún Àwọn Ọmọ Kéékèèké

 Ní ọjọ́ ayẹyẹ ilé-ìwé wa bí èyí, àṣà wa ni láti ka orúkọ àwọn tí ilé-ìwé yìí ti kọ́: àwọn dókítà, àwọn adájọ́, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ dókítà tàbí adájọ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé yìí wọlé. Ọmọdé ni olúkúlùkù wọn, orí ìpìlẹ̀ tí ó sì gbé wá láti ilé ni àwọn olùkọ́ wa mọ ilé lé.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ bí ọdún 7 sí 10, àti nípa irú ẹ̀kọ́ kan tí ó ń ṣọ̀wọ́n láàárín wọn lónìí. Ẹ̀kọ́ náà ni èyí tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ Kọ́ọ̀bù, tí í ṣe ẹ̀ka àwọn ọmọ kéékèèké nínú Ẹgbẹ́ Síkáòtù, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá Ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀. Nígbà tí ogun dó ti ìlú Mafeking ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 títí di 1900, ó rí i bí a ti fi iṣẹ́ ìránṣẹ́ lé àwọn ọmọdékùnrin lọ́wọ́, tí wọn kò sì já ẹni tí ó rán wọn kulẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ọlọ́lá láti ilé-ìwé ńláńlá. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ láti inú Boys' Brigade, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí William Smith ti dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883. Wọ́n jọ sùn nínú àgọ́, wọ́n jọ dáná, wọ́n jọ ta kókó okùn, wọ́n sì jọ tọ ipasẹ̀ ẹranko. Ìwé rẹ̀, Scouting for Boys, jáde ní 1908. Nígbà tí ó di 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà.

Kò pẹ́ tí àwọn àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí ìpàdé, tí wọn kò sì fẹ́ padà sílé. Nítorí tiwọn ni Baden-Powell ṣe kọ The Wolf Cub's Handbook ní 1916, nínú èyí tí ó ti yá orúkọ àti ìtàn lò láti inú The Jungle Book ti Rudyard Kipling. Akela, orúkọ olórí àwọn ìkookò nínú ìtàn náà, ni àwọn ọmọ fi ń pe àgbà tí ó ń darí wọn. A pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ kan sì ni olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn baba wa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà yìí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fín ẹwìrì kí ó tó di òòlù mú; ọmọ aláró a máa pọn omi kí ó tó mọ ìwọ̀n ẹlú. Ní ìdí ọpọ́n ayò, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ti mọ ìṣirò kí wọ́n tó mọ sílétì.

Àmì tí a fi ń mọ ẹ̀kọ́ ọwọ́

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá ya àwòrán tán, tí ó ní kí 40 ọmọ kùn ún ní àwọ̀ kan náà, ọwọ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n sinmi. Àmì mẹ́ta ni a fi ń mọ ẹ̀kọ́ ọwọ́ tòótọ́. Èkínní, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì, iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń sọ fún un bóyá ó ṣe é dáradára tàbí kò ṣe é dáradára. Ẹ̀kẹta, ó láǹfààní láti tú u palẹ̀ kí ó sì tún un ṣe láìsí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Èkejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi. Inú ayé máàkì ni a ti ń tọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹlòmíràn ni ó ń sọ fún wọn pé wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì ti tètè gbọ́n pé a lè ra ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn náà, a sì lè jí i wò. Ibẹ̀ ni ìwà èrú nínú ìdánwò ti ń mú gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí okùn bá tú, ó ti tú nìyẹn. Kò sí ẹni tí a lè bẹ̀, kò sì sí ìdáhùn tí a lè gbé wọ yàrá lábẹ́ aṣọ. Ọmọ tí ó bá ti kékeré mọ bí ó ti rí láti gba òtítọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ìwà, bí a kò tilẹ̀ wàásù fún un.

Iṣẹ́ márùn-ún tí a lè fi bẹ̀rẹ̀

Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí.

Èkínní ni kókó okùn. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní okùn tí ó gùn tó mítà kan. Kókó tí a fi ń so aṣọ tí a fi di ọgbẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ kọ́. Ó mú etí okùn ti ọ̀tún gba orí ti òsì, ó sì yí i gba abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú etí tí ó wà ní òsì báyìí gba orí èyí tí ó wà ní ọ̀tún, ó tún yí i gba abẹ́. Bí ó bá ṣe é bó ti yẹ, kókó náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá fi ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejèèjì, kókó náà yóò wọ́, ó sì lè yọ̀ bí a bá fà á. Ẹ má ṣe sọ èyí tí ó tọ̀nà fún un. Ẹ ní kí ó fà á wò. Kí a sì kìlọ̀ fún wọn pé kókó yìí kò wà fún gbígbé ènìyàn tàbí ẹrù wúwo.

Èkejì ni òjìji igi. Ní òwúrọ̀, ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ ní gbangba kí ó dúró ṣánṣán, kí ọmọ fi òkúta sí ibi tí òjìji rẹ̀ parí sí. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ó fi òkúta mìíràn sí ibi tí ó ti sún dé. Ìlà tí ó so òkúta méjèèjì pọ̀ lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, òkúta àkọ́kọ́ sì ni ti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí a kọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wà. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìbàdàn bá wo òjìji ọ̀sán gangan ní oṣù Kẹfà, gúúsù ni òjìji náà yóò nà sí, nítorí pé àríwá ni oòrùn wà. Ní oṣù Kejìlá, àríwá ni òjìji náà yóò nà sí. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní tàbùkù ìwé, ṣùgbọ́n yóò máa bi ìwé léèrè ibi tí a ti kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni eré Kim, tí Baden-Powell mú láti inú Kim, ìtàn tí Kipling tẹ̀ jáde ní 1901. Ẹ to nǹkan kéékèèké 10 sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀: bọ́tìnnì, ẹyọ àgbàdo, kọ́kọ́rọ́, ìṣáná àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ wò ó fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì fi aṣọ bò ó. Olúkúlùkù yóò kọ ohun tí ó rántí sílẹ̀. Nígbà tí a bá ṣí i, kò sí iyàn jíjà mọ́. Bí wọ́n bá ti mọ́ra, kí iye náà di 15, lẹ́yìn náà 20.

Ẹ̀kẹrin ni irúgbìn. Ẹ fi ẹ̀wà sínú ife mẹ́ta tí òwú wà nínú wọn. Èkínní gba omi àti ìmọ́lẹ̀. Èkejì gba omi ṣùgbọ́n ó wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀kẹta wà nínú ìmọ́lẹ̀ láìgba omi. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n rò pé yóò hù, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní èyí tí ó wà nínú òkùnkùn kò ní hù. Yóò hù, yóò tilẹ̀ ga tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tí kò rí omi ni kò ní hù rárá.

Ìkarùn-ún ni ìtọ́jú ara tí iná tàbí omi gbígbóná jó. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń sáré fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ohun tí ó yẹ ni kí a da omi tútù tí ó mọ́ sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí a sì wá ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan na apá rẹ̀ tí kò ní ọgbẹ́ sórí ọpọ́n, kí àwọn márùn-ún yòókù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ gba ife láti máa bu omi sí i ní títẹ̀léra, kí wọ́n sì máa wo aago. Ojú wọn yóò là pé 20 ìṣẹ́jú gùn púpọ̀. Ọmọ tí ó ti dúró fún àkókò yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní ta omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta kí ó sì dáwọ́ dúró ní ọjọ́ tí ìjàǹbá bá dé. Ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó láti gba ara àbúrò kan là nínú ilé.

Iṣẹ́ àgbà láàárín wọn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ohun tí ó ṣòro jù fún àgbà ni láti fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá gba okùn lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tún un ṣe, kókó náà yóò dára, ṣùgbọ́n tiwa ni. Kí àgbà fi hàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì dúró. Kí ọmọ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni kejì rẹ̀. Ní ìparí, kí a bi wọ́n pé: kí ni ó ṣẹlẹ̀, èé ṣe, kí ni ẹ ó ṣe yàtọ̀ lọ́la?

Kí ìgbàanìláyè yìí má sì di àìbìkítà. Kí àgbà méjì ó kéré tán wà ní ìpàdé, kí àgbà kan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní kọ̀rọ̀, kí àwọn òbí fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lè yọjú nígbà tí ó bá wù wọ́n. Iná, ọ̀bẹ àti omi kò yẹ láti wà lọ́wọ́ ọmọ láìsí ojú àgbà.

Èsì fún àwọn òbí

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí nínú ìjọ pé eré ni èyí, pé ẹ̀kọ́ àfikún ni ọmọ àwọn nílò ní ọjọ́ Sátidé nítorí ìdánwò. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé. Ìwé ni ó gbé èmi náà dé ibi tí mo dé. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò ya ọwọ́ kúrò lára ọgbọ́n. Nínú Ẹ́kísódù orí 31, Besaleli ni Ìwé Mímọ́ sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún, kí ó lè gbẹ́ igi, kí ó sì ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ. Pọ́ọ̀lù, ọ̀mọ̀wé ní ẹsẹ̀ Gàmálíẹ́lì, pa àgọ́. Olúwa wa pàápàá, káfíńtà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ta ni ó fẹ́ sọ fún wa pé ọdún tí ó lò ní ìdí pákó jẹ́ ìfàkókòṣòfò?

Ọmọ tí ó ti kọ́ láti wo òjìji kí ó tó sọ̀rọ̀, tí ó ti rí i pé èrò òun nípa ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀, ti ń ṣe ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé girama. Ẹ̀rù ìdánwò kò sì ní bà á tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wá ọ̀nà èrú, nítorí pé kíkùnà ti di ohun tí ó mọ bí a ti ń dìde kúrò nínú rẹ̀.

Ìpè sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó dá owó jọ ní ọjọ́ ayẹyẹ yìí, a ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n tó owó: wákàtí kan ààbọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nítòsí ilé-ìwé wa àti nítòsí ilé olúkúlùkù wa. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lára wa tọ ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òbí lọ, kí wọ́n kàn sí àwọn aláṣẹ Ẹgbẹ́ Síkáòtù ní ìpínlẹ̀ wọn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọmọ 12 péré bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ méjì ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì lára wa, kí ó kọ́ wọn ní ìtọ́jú ọgbẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ àgbẹ̀, kí ó mú irúgbìn wá. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì rò pé òun kò ní nǹkan kan mọ́, kí ó mú okùn mítà 12 lọ́wọ́, kí ó gé e sí ọ̀nà 12, kí ó sì ní sùúrù.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, àwọn olùkọ́ wa yóò mọ̀ pé a ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì fi ẹni tí yóò tọ́ wọn sí àárín àwọn ọmọ wa. Àmín.