Ìbò 353 tí Kò Jẹ́ kí Ọ̀ṣun Sùn

Ọ̀rọ̀ ìbò kíkà ni a fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé. Nígbà tí èsì ìdìbò bá pẹ́ kí ó tó jáde, tí olùdíje méjì sì súnmọ́ ara wọn bí ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè ya ìfalẹ̀ kúrò lára èrú mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé jùlọ fún wa ni ìdìbò Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí a dì ní ọjọ́ Sátidé, 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018.

Ẹgbẹ́ òṣèlú 48 ni ó wà lórí ìwé ìdìbò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni ojú ayé wà lára wọn: Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP, Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC, àti Iyìọlá Omíṣore ti ẹgbẹ́ SDP. Ibùdó ìdìbò 3,010 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà nígbà náà. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìbò kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́, kì í sì í fara sin. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò a gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, èrò tí ó yí i ká a sì máa bá a kà á ní ohùn rara: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ ilé ìwé lè bá wọn kà á. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé lè bá wọn kà á pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá fi máa tú ká, ará àdúgbò ti mọ ẹni tí ó borí ní ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìgbà tí ìwé bá kúrò níbẹ̀ ni ìdààmú ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibùdó, èsì a lọ sí wọ́ọ̀dù, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 332; láti wọ́ọ̀dù a lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, tí ó jẹ́ 30; láti ibẹ̀ a wá sí Òṣogbo, níbi tí a ó ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó kà á sókè, a ó kọ ọ́ sí ìwé mìíràn, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ a fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n kọ̀, a ó sì jiyàn lórí ẹyọ nọ́ńbà kan tí a kọ tí kò hàn dáadáa. Ẹni tí ó bá ti jókòó ṣírò owó ọjà rí pẹ̀lú alájọṣe mẹ́ta mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í yá. Àwa kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí ó yá. Ohun tí ń bani lẹ́rù ni pé èrò tí ó kà á ní ohùn rara ní ẹnu ọ̀nà kò sí níbẹ̀ mọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ó kù tí wọ́n dẹtí sí, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní ẹnu olúkúlùkù.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Fuwape, tí ó jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà náà, tí a sì fi ṣe olùkéde èsì, ka àpapọ̀ jáde. Adélékè ní 254,698. Oyètọ́lá ní 254,345. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 353. Bí ẹ bá pín iye yìí kiri ibùdó 3,010 wọ̀nyẹn, kò tó ìbò kan ṣoṣo ní ibùdó mẹ́jọ mẹ́jọ. Ọkùnrin kan tí ó gba oko lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan tí ìtẹ̀ka rẹ̀ bọ́ sí àárín àmì ẹgbẹ́ méjì: irú wọn ni ọ̀rọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ wá kù sí lọ́wọ́.

Adélékè wà níwájú, ṣùgbọ́n a kò kéde rẹ̀. Ìdìbò kò kẹ́sẹ járí ní ibùdó 7, àwọn tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé níbẹ̀ jẹ́ 3,498. Ìlànà Àjọ Elétò Ìdìbò ni pé bí olùdìbò irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni kìn-ín-ní àti ẹnì kejì, ìdìbò kò tíì parí. A gbọ́ tí àwọn kan pe ìlànà yìí ní màgòmágó. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn 3,498 kò bá tíì sọ tiwọn, tí 353 sì ni ó wà láàrin ẹni méjì, kò sí oníṣirò olóòótọ́ tí ó lè ní òun mọ òpin rẹ̀. Ohun tí ọjọ́ márùn-ún náà mú wá ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Mẹ́ta nínú ibùdó náà wà ní Orólù, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo. Gbogbo agbára òṣèlú orílẹ̀-èdè rọ́ lé ibi méje yìí lórí. Omíṣore, tí ó ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò 128,049, wá di ìyàwó tí ọkọ méjì ń dù. Bùkọ́lá Saraki, tí ó jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà náà, lọ bá a ní Ilé-Ifẹ̀ nítorí PDP; àwọn àgbà APC náà lọ. APC ni ó gbà fún. Ní tirẹ̀, oníṣòwò tí ó wà ní Ìlá tàbí ní Ìwó, tí ó ti di ìbò tirẹ̀ ní Sátidé, kò ní ohun kan í ṣe ju kí ó máa dẹtí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò kúrò.

Ní Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹsàn-án, a dì í. Oyètọ́lá rí 1,160, Adélékè rí 325. Àpapọ̀ di 255,505 sí 255,023. Oyètọ́lá wọlé pẹ̀lú 482. Àwọn aṣojú Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n wà níbẹ̀ sọ nínú ìwé tí wọ́n jọ gbé jáde pé àwọn rí ohun tí ó jọ ìdíwọ́ àti ìdẹ́rùba fún olùdìbò. Ìbò tí ó yẹ kí a dì ní gbangba jùlọ ni a dì pẹ̀lú ìfura jùlọ.

Ilé ẹjọ́ gbà á láti ibẹ̀. Ní 22 oṣù Kẹta, ọdún 2019, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìbò, ẹni méjì sí ẹnì kan, ní Adélékè ni ó wọlé. Ní 9 oṣù Karùn-ún, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní 5 oṣù Keje, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí Oyètọ́lá múlẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé: ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kò sí ní ìjókòó ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ó dá ẹjọ́ náà. A kò ní òfin ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń dúró láti oṣù Kẹsàn-án láti mọ bí ìwé ìbò ti rí, ìdáhùn ìbéèrè ẹlòmíràn ni a fún un.

Àwọn àgbà yóò rántí ọdún 1979, nígbà tí a ń bèèrè bóyá ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́ 13 tàbí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí a tó mọ̀ bóyá Shehu Shagari ti borí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ́ ìṣirò ìdá lọ́dún náà tipátipá.

Nígbà tí Ọ̀ṣun tún dìbò ní 16 oṣù Keje, ọdún 2022, àwọn ọkùnrin méjì kan náà ni wọ́n tún kojú ara wọn. Adélékè rí 403,371, Oyètọ́lá rí 375,027. Èyí náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kí ó tó parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yàtọ̀. Àjọ Elétò Ìdìbò ń gbé àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí i láti orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì ro ó fúnra rẹ̀. Lójú tiwa, èyí dá èrò ẹnu ọ̀nà padà sí ìdí ìwé náà. Ìfalẹ̀ kò ní oró kan náà fún ẹni tí ó ń rí ohun tí a ń kà.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ ìdìbò Ààrẹ ti 25 oṣù Kejì, ọdún 2023 fi dun ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. A ti ṣèlérí àwòrán fún wọn. Wọ́n ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò rí ti Ààrẹ, nígbà tí ti àwọn aṣòfin ti ń hàn. Àjọ náà ní ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Nígbà tí a kéde èsì ní ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ni kò tíì yọjú.