Pòtásíọ̀mù Inú Iṣu àti Inú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wa

Ṣàṣà ni arìnrìn-àjò tí yóò gba ojú títì Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ Aláàfin, tí yóò dé Fìdítì, tí kò ní yí ojú wo àtẹ àwọn ìyá wa tí wọ́n kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó bá sì kọjá níbẹ̀ tí ó forí lé Ìlọrà, oko iṣu ni yóò tún pàdé rẹ̀. Inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni pòtásíọ̀mù fara sin sí, èròjà tí ń mú kí ọkàn lù déédéé, tí ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti ti àpọ̀jù iyọ̀ jáde sínú ìtọ̀, tí ó sì ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ríru, apani-má-yọdà, má baà rí àyè wọlé. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa jẹ mílígíráàmù 3,510 rẹ̀ lójúmọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó gíráàmù 5.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé iṣu ni ó ṣíwájú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí Fìdítì fi ń yangàn kò ní ju mílígíráàmù 110 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ nínú gíráàmù 100; ọsàn kan ní bí 240, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bí 420, ṣùgbọ́n gíráàmù 100 iṣu sísè ní bí 670. Àwọn baba wa tí wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, kò ní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́ ju odó àti ìkòkò lọ, síbẹ̀ wọn kò ṣì í sọ.

Omi ni ó ń gbé èròjà yìí sá lọ. Omi tí a fi bọ iṣu èlùbọ́ ń gba tirẹ̀ nínú ọkà. Bí a bá sì bọ ẹ̀fọ́ tán, tí a fún un, ẹ̀yìnkùlé ni a da púpọ̀ rẹ̀ sí, a ó wá máa fi iyọ̀ àti magí wá adùn tí ó sọnù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀fọ́ tí kò korò, tí kò sì ní oró, ẹ jẹ́ kí ó jinná nínú omi ọbẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kánún lè rọ́pò iṣu. Lóòótọ́, pọ́táàṣì ni àwọn tí ń sọ èdè òyìnbó ń pè é, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù, ìbátan iyọ̀, ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń wà ní agbègbè adágún Chad. Eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni ó sún mọ́ pọ́táàṣì gidi, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Humphry Davy kọ́kọ́ ti ara rẹ̀ yọ pòtásíọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1807.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ kò lè ti àjẹṣẹ́kù èròjà yìí jáde, bí ó bá sì gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì wà tí ń dá a dúró sínú ara. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó fi kún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń jẹ. Iṣu tirẹ̀, gígé wẹ́wẹ́ ni, kí a sè é nínú omi púpọ̀, kí a sì da omi náà nù.