Orúkọ àti Ìtàn Iná OLED

Iná OLED kì í ṣe àjèjì mọ́ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ni ó wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìtumọ̀ “organic” tí ó wà nínú orúkọ náà, olùkọ́ tí ó bá dáhùn pé “abẹ̀mí” ti ṣì í lọ́nà. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, André Bernanose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Nancy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé àwọn èròjà kan tí ó ní kábọ́ọ̀nù nínú máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bí iná mànàmáná bá kàn wọ́n. Ní ọdún 1963, Martin Pope àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí anthracene, èròjà tí a ń rí nínú ọ̀dà èédú. Àmọ́ agbára tí iná wọ̀nyí ń gbà pọ̀ ju ohun tí bátìrì kékeré lè pèsè lọ.

Ọdún 1987 ni ọ̀nà là. Ching Tang àti Steven Van Slyke, ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì lé ara wọn. Ọ̀kan ń gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Èkejì ń gbé àlàfo tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, fóòtì tí ó sì ń gbà kò tó 10. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní Cambridge fi èròjà tí ó jẹ́ ẹbí ike ṣe tiwọn. Ní ọdún 2007, Sony gbé tẹlifíṣọ̀n OLED jáde fún títà.

Nínú tẹlifíṣọ̀n LCD, ẹ̀yìn ni iná wà. Nínú OLED, tóótòòtó kọ̀ọ̀kan ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Èyí tí ó bá kú ni a ń rí bí dúdú. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́. Bí àwọn ìpele náà bá ṣí kúrò lára ara wọn, ó tún di ìṣòro. Lórí bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ mọ́ra ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Soboyejo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014.

Láti inú ìtàn yìí, ó hàn gbangba pé kábọ́ọ̀nù ni “organic” ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀mí. Nítorí náà, “dáyóòdù oní-kábọ́ọ̀nù atanná” ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Láti ọdún 1970 ni ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olùkọ́ ni kí ó yẹ ìtàn ohun kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.