Ìwé Ìmọ̀ Gbogbo Ayé: Ọwọ́ Obìnrin Dà?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ejò mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kọ ìtàn bí ejò náà ṣe kú sínú ìwé, orúkọ ta ni a óò kọ síbẹ̀?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ, síbẹ̀ ó kan ilé yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni, ìwé tí kò ní èèpo ẹ̀yìn, tí a kì í tà lọ́jà, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ yín ń ṣí lórí fóònù nígbà tí olùkọ́ bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Wikipedia ni orúkọ rẹ̀.

ÌWÉ TÍ GBOGBO ÈNÌYÀN Ń KỌ

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, dá ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ yìí sílẹ̀. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn ìwé ìmọ̀ àtijọ́ ni pé kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí a ń sanwó fún ni ó ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé kọ, tí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, lè fi tirẹ̀ kún un, ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ti lé ní 6,000,000. Èdè Yorùbá náà ní tirẹ̀, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu báyìí, ènìyàn yóò rò pé tọkùnrin tobìnrin ni yóò jọ wọlé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ń kọ ọ́ ní ọdún 2008, àwọn obìnrin inú wọn kò pé 13 nínú 100. Sue Gardner, obìnrin tí ó ń darí àjọ tí ó ń ṣe àbójútó ìwé náà nígbà náà, pinnu pé kí ó tó di ọdún 2015, òun fẹ́ kí wọ́n pé 25 nínú 100. Ọdún 2015 dé, ó sì kọjá, iye náà kò pé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ DONNA STRICKLAND

Kí ẹ lè mọ ohun tí àìsí obìnrin níbi ìkọ̀wé máa ń fà, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n kéde pé Donna Strickland, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Kánádà, wà lára àwọn mẹ́ta tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Iṣẹ́ tí òun àti ọ̀gá rẹ̀, Gérard Mourou, ṣe lórí ìtànṣán lésà ní ọdún 1985 wúlò títí kan iṣẹ́ abẹ ojú. Láti ìgbà tí ẹ̀bùn náà ti wà, obìnrin méjì péré ni ó gbà á nínú ìmọ̀ yìí ṣáájú rẹ̀: Marie Curie ní ọdún 1903, àti Maria Goeppert Mayer ní ọdún 1963.

Bí àwọn ènìyàn ti gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n sáré lọ wo Wikipedia. Wọ́n bá ojú ìwé Mourou níbẹ̀. Ti Strickland kò sí. Ẹnì kan ti gbìyànjú láti kọ ọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò dá a padà, ó ní ẹ̀rí tí a mú wá kò fi hàn pé obìnrin náà lókìkí tó.

Ẹ má rò pé ẹnì kan ló jókòó pète ibi. Òfin ìwé náà ni pé ohun tí ìwé ìròyìn tàbí ìwé mìíràn tí ó ṣeé gbára lé bá ti sọ nípa ènìyàn nìkan ni a lè kọ. Òfin dáadáa ni, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí irọ́ gba ibẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn oníròyìn kò kà sí lánàá, òfin yẹn kò ní jẹ́ kí a rí i lónìí. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ ṣiṣẹ́, tí ó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, òun náà ni ẹ̀rí yóò wà fún.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, Amanda Filipacchi, tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé, ṣàkíyèsí pé wọ́n ń yọ orúkọ àwọn obìnrin kúrò nínú àtòjọ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń kó wọn lọ sínú àtòjọ mìíràn tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ọkùnrin jẹ́ òǹkọ̀wé; obìnrin jẹ́ òǹkọ̀wé obìnrin. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn New York Times, ariwo sì ta. Ní ọdún 2021, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Francesca Tripodi gbé ìwádìí jáde, èyí tí ó fi hàn pé àwọn olóòtú a máa dábàá pé kí wọ́n pa ìtàn ìgbésí ayé obìnrin rẹ́ ju bí iye rẹ̀ nínú ìwé náà ti mọ lọ.

Ẹ JẸ́ KÍ Á BỌ̀ SÍLÉ

Àwa Yorùbá kò ṣe aláìní obìnrin tí ó yẹ ní kíkọ. Gbogbo ayé ni ó mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. A mọ Abímbọ́lá Awólíyì, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. A mọ Fọláké Ṣóláńkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di Àgbà Amòfin ilẹ̀ wa, ní ọdún 1981. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n tẹ̀lé ìyá Ransome-Kuti lọ sí ààfin ńkọ́? Ẹ wo àwòrán Ìbàdàndùn àti Olókun lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọwọ́ obìnrin ni ó fi ẹ̀kọ yà wọ́n sára aṣọ. Orúkọ aṣọ kò parun. Orúkọ àwọn ìyá tí ó kọ́kọ́ yà wọ́n ńkọ́?

Ohun tí ó wà nínú ewu ni pé àwọn ọmọ wa yóò gbà pé ohun tí kò sí nínú ìwé kò ṣẹlẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan. Ọ̀rọ̀ oyún, ọ̀rọ̀ ọmú, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ àti ti nǹkan oṣù wà nínú ìwé yìí, ọkùnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú rẹ̀. Bí orísun odò bá rú, ta ni yóò rí omi mímọ́ bù nísàlẹ̀?

KÍ NI Ó Ń DÁ OBÌNRIN DÚRÓ?

Ní ọdún 2011, Sue Gardner kó ìdí mẹ́sàn-án jọ láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin fúnra wọn sọ. Lára wọn ni pé ọwọ́ wọn dí. Pé wọn kò dá ara wọn lójú. Pé wọn kò fẹ́ràn àríyànjiyàn. Àti pé ohun tí wọ́n fara balẹ̀ kọ, ẹlòmíràn a pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí kìíní dájú. Ẹni tí ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó wẹ ọmọ, tí ó lọ síbi iṣẹ́, tí ó bọ̀ wá dáná alẹ́, ìgbà wo ni yóò jókòó kọ ìwé tí kò mówó wá? Bí ó bá sì rí wákàtí kan, owó dátà ńkọ́? Nítorí náà, kì í ṣe pé obìnrin kò ní ìmọ̀. Àyè ni kò ní, àyè yìí sì di ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ sọ nínú ilé.

ÀWỌN TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 2015, àwọn kan dá ẹgbẹ́ Women in Red sílẹ̀. Nínú Wikipedia, orúkọ tí kò tíì ní ojú ìwé tirẹ̀ a máa pupa. Èyí tí ó bá ti ní, a di aró. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ orúkọ pupa àwọn obìnrin di aró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nínú 100 ìtàn ìgbésí ayé tí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bíi 15 ni ó jẹ́ ti obìnrin. Lónìí ó ti tó bíi 20. Jess Wade, onímọ̀ físíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù, nìkan ti kọ èyí tí ó lé ní 1,700. Ní ọdún 2016 ni iṣẹ́ Wiki Loves Women bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin àkọ́kọ́.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Èkíní, ẹ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún àmì ohùn tí ó ṣì ṣe nínú Wikipedia Yorùbá, tàbí kí ẹ fi ọdún tí kò sí níbẹ̀ kún un. Fóònù ọwọ́ yín tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ẹ má kọ ohunkóhun láìsí ẹ̀rí. Ẹ tọ́jú ìwé ìròyìn tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa obìnrin gidi ní ìlú yín. Lọ́jọ́ iwájú, ẹyọ ewé ìwé kan lè gba orúkọ kan là.

Ẹ̀kẹta, ẹ má kọ nípa ara yín, ọkọ yín tàbí ẹbí yín, òfin kò fẹ́ ẹ. Ẹ má sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá pa iṣẹ́ yín rẹ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ wá ẹ̀rí tí ó lágbára sí i, kí ẹ sì padà. Ẹ má dá wà: ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ ti Yorùbá rìn, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ìparí, ẹ fi wákàtí kan pamọ́ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí baba ọmọ gbé ọmọ mọ́ra fún wákàtí náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín jókòó tì yín, kí wọ́n rí i pé ìyá wọn kì í ṣe òǹkàwé nìkan. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.