Ìrora Ti Lọ, Ṣùgbọ́n Orúnkún Ò Tíì Sàn

Tí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ẹ máa ń lọ wò ó, ẹ ti rí irú èyí rí. Agbábọ́ọ̀lù kan ń sáré, ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹnikẹ́ni ò fara kàn án, ó kàn ṣubú lulẹ̀, ó di orúnkún mú. Wọ́n á gbé e kúrò lórí pápá. Nílé, wọ́n á fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ. Wọ́n á lọ ya X-ray, wọ́n á ní egungun kankan ò ṣẹ́, ara gbogbo wọn á sì balẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìrora ti lọ, ọ̀gbẹ́ni ti padà sórí pápá. Kò pẹ́ sígbà náà, orúnkún kan náà tún yẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí sì máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Físíọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ fún oyè másítà, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà o, torí náà ẹ má fi ohun tí mo kọ rọ́pò àyẹ̀wò. Àmọ́ tí ẹ bá kà á tán, ẹ máa mọ ìdí tí ìrora fi lè lọ nígbà tí àtúnṣe inú orúnkún ò tíì dé ìdajì.

Okùn mẹ́rin tó di orúnkún mú

Egungun ńlá méjì ló pàdé ní orúnkún: egungun itan lókè, egungun ojúgun nísàlẹ̀. Ní ìbàdí, orí egungun rogodo ló wọnú ihò tirẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ti orúnkún ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé nǹkan ribiti lé orí àwo pẹrẹsẹ. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kúrò lórí ara wọn ni àwọn okùn líle tó so egungun mọ́ egungun. Ligament ni orúkọ wọn nínú ìwé. Okùn orúnkún ni màá máa pè wọ́n níbí. Iṣan ara máa ń fà, ó máa ń sún, ó sì máa ń tóbi sí i tí èèyàn bá ń lò ó. Iṣẹ́ tí okùn ń ṣe ni pé kó ṣáà di egungun mú.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níbi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra. MCL làwọn dókítà ń pè é. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ìyẹn LCL. Méjì tó kù wà ní àárín gbùngbùn, wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú. Ti iwájú ni ACL, ti ẹ̀yìn ni PCL.

ACL yìí ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún yí kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ má torí pé ó kéré kí ẹ fojú di í o. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí, ACL ti ọ̀dọ́ máa ń gba agbára tó lé ní 2,000 newton kó tó já. Ẹ ro ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin pọ̀: ó jù ú lọ.

Kí ló wá ń já a?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ ló máa ń fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí ti Virgil van Dijk ṣe rí nìyẹn ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí òun àti gólì Everton kọlura. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó fara kan orúnkún yẹn. Ẹni náà fò, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan; tàbí ó ń sáré, ó dúró lójijì; tàbí ó fẹ́ yà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ti fi ilẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin, ara ti ń yí lọ, orúnkún wá tẹ̀ sínú. Kó tó pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, okùn ti já. Kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí iṣan itan pé kó gba orúnkún là, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kò mọ olówó, kò mọ ọ̀gá. Umar Sadiq, ọmọ Nàìjíríà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Real Sociedad ni tirẹ̀ fi já ní oṣù kẹsàn-án 2022. Alexia Putellas, tó gba Ballon d'Or ní 2021 àti 2022, ja tirẹ̀ ní oṣù keje 2022 nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ọkùnrin. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: bí ìbàdí àti orúnkún ṣe rí wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti pápá tí wọ́n ń fún wọn.

Bí ẹ ṣe lè fura

Àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ́ "pọ́!" nínú orúnkún wọn lákòókò náà. Èkejì, orúnkún á wú láàárín wákàtí díẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí wíwú bá ti lọ, orúnkún á máa yẹ̀ lójijì, pàápàá tí èèyàn bá fẹ́ yí padà tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: egungun ni X-ray ń fi hàn, kì í fi okùn hàn. "Egungun ò ṣẹ́" kò túmọ̀ sí pé "kò sí nǹkan kan". Dókítà tàbí físíò tó mọṣẹ́ á tẹ orúnkún díẹ̀, á di itan mú, á fa ojúgun síwájú, á wò ó bóyá okùn ṣì ń dá a dúró. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. MRI ló máa ń fi okùn náà hàn kedere tí wọ́n bá fẹ́ rí i.

Ìdí tí kì í fi rọrùn fún un láti so pọ̀

Tí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ni afárá tí ara máa ń gbà kọjá láti hun awọ tuntun. Okùn ẹ̀gbẹ́ inú, MCL, máa ń rí irú afárá yìí. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń so pọ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ti ACL yàtọ̀. Inú omi tó ń jẹ́ kí oríkèé máa yọ̀ ló wà. Omi náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró láàárín ojú méjèèjì tó já, torí náà afárá ò ráyè dúró. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà pọ̀ nínú agbada omi. Lọ́dún àìpẹ́ yìí, MRI ti fi hàn pé ti àwọn kan máa ń so padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbọ́kàn lé láìṣe àyẹ̀wò.

Ibí yìí gan-an ni ìrora ti ń tan èèyàn jẹ. Púpọ̀ nínú ìrora yẹn, wíwú ló ń fà á, àti egungun tó kọlu ara wọn nígbà tí orúnkún yẹ̀. Tí wíwú bá lọ, ìrora náà á bá a lọ. Ṣùgbọ́n okùn ṣì lè wà ní méjì níbi tó wà. Tí èèyàn bá wá gbé irú orúnkún bẹ́ẹ̀ padà sórí pápá, gbogbo ìgbà tó bá yẹ̀ ni egungun ń lọ tìmùtìmù rírọ̀ tó wà láàárín wọn. Tìmùtìmù yẹn tó bá ti ya, ó ṣòro láti tún un ṣe. Òun ló máa ń sọ orúnkún ọmọ ọdún 35 di ti arúgbó.

Ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ?

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì bi mí léèrè pé, "Mi ò lówó iṣẹ́ abẹ. Ṣé orúnkún mi ti bàjẹ́ pátá nìyẹn?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n." Mi ò fi tù ú nínú lásán.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀dọ́ 121 tí ACL wọn já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ìdárayá ìwòsàn. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdárayá nìkan, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ń yẹ̀ lè wá ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí orúnkún apá méjèèjì ṣe ń ṣe wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì apá kejì ò tíì nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìdárayá gidi ni wọ́n ṣe, lábẹ́ ojú físíò, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn ò jókòó sílé kí wọ́n máa retí pé á sàn.

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó, tàbí tí orúnkún wọn ń yẹ̀ ṣáá, sábà máa ń ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà á gé lára iṣan ẹ̀yìn itan tàbí iṣan iwájú orúnkún, á lu ihò sínú egungun méjèèjì, á sì fi èyí tó gé rọ́pò ACL.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ya èmi alára lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi okùn tuntun yẹn sí i, ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ló máa rọ̀, torí pé kò tíì sí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ara á kọ́kọ́ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó tún un hun bí okùn. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń rọ̀ jù, ìgbà náà gan-an sì ni ìrora máa ń lọ tí èèyàn á máa sọ pé, "Mo ti lè sáré." Ó máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àtúnṣe yẹn tó parí.

Oṣù mẹ́sàn-án, àti agbára

Àwọn onímọ̀ ní Norway tẹ̀ lé àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ ACL, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2016. Gbogbo oṣù kan tí èèyàn fi dúró sí i kó tó padà sí eré ìdárayá, títí di oṣù kẹsàn-án, ewu pé orúnkún á tún fara pa ń dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Nínú àwọn tó padà láìyege àyẹ̀wò agbára, nǹkan bí 38 nínú 100 ló tún fara pa. Nínú àwọn tó yege, nǹkan bí 6 ni.

Kí ni àyẹ̀wò náà? Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan fò síwájú, wọ́n á wọn ọ̀nà tí ẹ fò dé, ẹ ó tún fi ẹsẹ̀ kejì ṣe é. Ẹsẹ̀ tó fara pa gbọ́dọ̀ dé ó kéré tán 90 nínú 100 ti èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára iṣan itan. Ìdí tí iṣan itan fi ṣe pàtàkì ni pé tí orúnkún bá wú, ọpọlọ máa ń pa iṣan iwájú itan bí ẹni pa iná. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i pé itan yẹn ti kéré sí èkejì. Èèyàn gbọ́dọ̀ tún un tàn.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

- Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ sinmi, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kí ẹ tó gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò sí omi gbígbóná, kò sí fífi agbára wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fà á kó dún.
- Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkẹfà: kí orúnkún lè nà tán ni kókó. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tún un ṣe. Ẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbé e sókè.
- Láti oṣù kejì lọ: dídìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, gígun àtẹ̀gùn. Físíò ló máa sọ ìgbà tí ẹ lè sáré, tí ẹ lè fò, tí ẹ lè yà.
- Pápá ló gbẹ̀yìn, kì í ṣe kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé.

Tí ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tó kú tipiri, tí orúnkún bá há tí kò nà mọ́, tí ibà bá dé, tàbí tí ẹ̀yìn ojúgun wú tó ń gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ká má tiẹ̀ jẹ́ kó já

Ìròyìn ayọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ilé wa. Ìdárayá ìmúra kan wà tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, kò sì nílò irinṣẹ́ kankan: sísáré díẹ̀, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò àti bíbalẹ̀ láìjẹ́ kí orúnkún tẹ̀ sínú. Wọ́n dán an wò ní Èkó láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin 416 tó wà ní ọmọ ọdún 14 sí 19, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Ìfarapa dín kù ní ìdá 41 nínú 100 láàárín àwọn tó ṣe é. Pápá tiwa náà ni, kì í ṣe ti òkè òkun.

Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé: tẹ́nì kan bá ní "mi ò rora mọ́", inú wa á dùn sí i. Àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè méjì sí i kó tó wọ bàtà: oṣù mélòó ló ti pé, àti pé ṣé ẹsẹ̀ yẹn lè fò dé ibi tí èkejì ń fò dé? Tí kò bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ jẹ́ kó ṣì jókòó wòran fún wa ná.